Ọ̀gá mi ń yọ mí lẹ́nu, mo kọ̀ fún un, ó wá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Àdùnní_T

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú tó bá gùn, mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún ni. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà níléeṣẹ́ wa, ọkùnrin ni ọ̀gá tó wà lórí wa, ó níyàwó ó sì ti bímọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ kò sí wàhálà, ó kọ́ mi níṣẹ́ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa aṣọ tí mo wọ̀, pé síkẹ́ẹ̀tì yìí mà bá ìdí ẹ mu o, pé ṣé ọkọ ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó ní nílé, níwájú àwọn tó kù ló máa ń sọ ọ́, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ló bá di pé ó ń fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lóru, kì í ṣe nípa iṣẹ́ o, "ṣé o ti sùn", "mò ń ronú nípa ẹ", àwọn nǹkan báyẹn. Mi ò dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kan tó jẹ́ àwa méjèèjì la kù lọ́fíìsì, ó gbọ́wọ́ lé mi níbàdí, mo yọwọ́ ẹ̀ kúrò mo ní "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ irú eléyìí, ẹ má ṣe é mọ́." Ó ní àwàdà lòun ń ṣe, pé èmi náà ti le jù.

Àtọjọ́ yẹn ni nǹkan ti yí padà. Ó yọ mí kúrò nínú mítìǹgì tá a máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìròyìn ìparí oṣù tó jẹ́ pé èmi ni mo máa ń kọ ọ́ ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì báyìí láìsọ nǹkan kan fún mi, tí mo bá fi íméèlì ránṣẹ́ sí i kò ní fèsì, àmọ́ tó bá di iwájú èèyàn á ní mi ò kì í ṣiṣẹ́ mi bó ṣe yẹ. Àyè ìgbéga kan wá ṣí sílẹ̀, mo lọ bi í, ohun tó fẹnu ara ẹ̀ sọ ni pé òun ò lè fi orúkọ mi sílẹ̀ torí "ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó yìí, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa fi lóyún, ta ló máa wá ṣiṣẹ́." Owó oṣù mi ò dín, kò sì tíì fún mi ní kúẹ̀rì kankan, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí n máa rò ó pé tí mo bá lọ fẹjọ́ sùn wọ́n á ní kí ni mò ń wí.

Ìbéèrè mi ni pé ṣé kí n lọ bá HR, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni, àbí kí n tún bá òun fúnra ẹ̀ sọ ọ́, àbí kí n panu mọ́ kí n máa wáṣẹ́ síbòmíì? Ọkọ mi ní kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Èmi ò kórìíra iṣẹ́ yẹn o, ọkùnrin yẹn ni mi ò fẹ́.

Arìnrìn_Àjò22

Sister mi, sá kúrò ńbẹ̀. Irú wọn kì í yí padà, HR àti ọ̀gá ẹ ọ̀kan náà ni wọ́n. Wáṣẹ́ míì kó o máa lọ ní tìẹ, kò sí iṣẹ́ tó tó nǹkan téèyàn ń sunkún sí.

Ẹ̀gbọ́n_HR

Àdùnní, kú ìrọ́jú. Mo ṣiṣẹ́ ní HR fọ́dún púpọ̀ kí n tó kúrò ńbẹ̀, ohun tí mo rí láti inú ni màá sọ, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló sì máa dùn létí.

HR kì í ṣe ọ̀tá ẹ, wọn kì í sì í ṣe lọ́yà ẹ. Iléeṣẹ́ ló ń sanwó fún wọn, iṣẹ́ wọn sì ni pé kí iléeṣẹ́ má kó sí wàhálà. Tó o bá ti fi ìyẹn sọ́kàn wàá mọ bó o ṣe máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sunkún wọ ọ́fíìsì wa tó ní "ọ̀gá mi burú gan-an", a máa ń bá a kẹ́dùn, a máa fún un lómi mu, ó parí síbẹ̀, torí kò sí ohun tá a fẹ́ kọ sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá gbé bébà wá, tó ní ọjọ́ báyìí, aago báyìí, ibi báyìí, ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an rèé, àwọn tó wà ńbẹ̀ rèé, èsì tí mo fún un rèé, háà, mo ti rí bí ojú ọ̀gá àgbà ṣe máa ń rí tá a bá gbé irú ẹ̀ síwájú wọn. Kì í ṣe pé àánú ẹni yẹn ṣe wọ́n o. Wọ́n rí i pé ohun tó wà níwájú àwọn ṣeé gbé lọ sí kóòtù bó ṣe wà yẹn ni.

Torí náà kó o tó sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, jókòó lónìí kó o kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, láti orí ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn dé orí ti ìgbéga, kó o sì máa fi tuntun kún un bó bá ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ibi tí ọjọ́ ò bá ti dá ẹ lójú, kọ ohun tó o rántí, "ọ̀sẹ̀ tá a ṣe ìparí oṣù" náà dáa, má ṣe méfò. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ gan-an ni kó o kọ, má kọ "ó sọ ìsọkúsọ", kọ ìsọkúsọ yẹn bó ṣe sọ ọ́, bó ti wù kó tì ẹ́ lójú tó. Má sì kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́, má fi sínú íméèlì iléeṣẹ́, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó o máa lọ, o ò ní tíì dé ẹnu géètì tí wọ́n á ti ti àkáǹtì ẹ pa. Fi íméèlì tìẹ ránṣẹ́ sí ara ẹ, déètì á wà lórí ẹ̀. Àwọn mẹ́sééjì WhatsApp yẹn, má pa ẹyọ kan rẹ́, má sì fi mọ sí screenshot nìkan, kó gbogbo ọ̀rọ̀ yín jáde látinú WhatsApp fúnra ẹ̀ kí orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹ̀ àti aago tó fi ránṣẹ́ hàn kedere. Òun náà lè pa á rẹ́ lọ́wọ́ tiẹ̀ o, àwọn míì sì ń ṣètò fóònù wọn kí mẹ́sééjì máa parẹ́ fúnra ẹ̀, nítorí náà òní ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó ku ibi tí mo ti rí àwọn tó ṣubú. Má kó fáìlì iléeṣẹ́ tí kò kàn ẹ́ jáde, owó oṣù ẹlòmíì, ìwé oníbàárà, má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹnì kan wà tí ẹjọ́ ẹ̀ mọ́ bí ojú ọjọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n fi lé e lọ ni pé ó kó ìwé iléeṣẹ́ síta, ọ̀rọ̀ tó tìtorí ẹ̀ wá ò tiẹ̀ jẹ́ nǹkan kan mọ́ lójú wọn. Ti pé kéèyàn fi fóònù gba ohùn ẹlòmíì sílẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀, ibì kan òfin gbà á, ibòmíì ó lè sọ ẹ́ dèrò ẹ̀wọ̀n, wádìí ti ibi tó o wà kó o tó dán an wò.

Ohun míì tí kì í sọ síni lọ́kàn ni pé kó o kó ẹ̀rí jọ pé o mọṣẹ́ ẹ. Ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ ẹ yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ tó dáa, íméèlì tí ẹnì kan ti kí ẹ kú iṣẹ́, gbogbo ẹ̀. Torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ lọ́jọ́ tó o bá fẹjọ́ sùn ni pé o ò kì í ṣiṣẹ́, ẹjọ́ lo fẹ́ fi bo ara ẹ láṣìírí. Ṣé o ò rí i pé ó ti ń sọ ọ́ níwájú èèyàn báyìí? Ilẹ̀ ló ń tẹ́ sílẹ̀ yẹn.

Alágídí_Kan

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má nà mí o. Ẹnì kan ṣoṣo la ṣì gbọ́ tẹnu ẹ̀. Nígbà tó ń sọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ṣé ìwọ náà ò bá wọn rẹ́rìn-ín ni? Torí ọkùnrin tó bá rí i pé obìnrin ń rẹ́rìn-ín á rò pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn ni. Ayé tá a wà yìí èèyàn ò lè yin obìnrin lọ́fíìsì mọ́ kó má dẹjọ́.

Amòfin_Tí_Ò_Gbowó

@Alágídí_Kan mi ò ní nà ẹ́, àmọ́ ìbéèrè ẹ yẹn, kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dáhùn ẹ̀ látọdún 1986. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mechelle Vinson ló ń bá báǹkì kan ṣiṣẹ́, ó ní ọ̀gá òun ń bá òun lò pọ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, pé ẹ̀rù pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ òun ni ò jẹ́ kóun lè kọ̀ fún un. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi gbèjà ara wọn ni pé kò sẹ́ni tó fipá mú un, àti pé ìgbéga tó yẹ ẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló wá pàdánù? Kóòtù ní ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè. Pé èèyàn gbà ò túmọ̀ sí pé ó fẹ́, ohun tí wọ́n máa wò ni bóyá ó hàn nínú ìwà ẹ̀ pé kò fẹ́ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Wọ́n tún ní kò dìgbà téèyàn bá pàdánù owó kó tó ní ẹjọ́, tí ibi iṣẹ́ bá ti di ibi tí ara ò ti lè rọ èèyàn nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀, ó ti tó. Nítorí náà ẹ̀rín tàbí àìrẹ́rìn-ín kọ́, níwájú ọ̀gá ẹni tó ń kọ ìwé ìgbéga ẹni, ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Àdùnní tiẹ̀ ṣe ju ìyẹn lọ, ó la ẹnu ẹ̀ sọ fún un pé òun ò fẹ́. Tó bá jẹ́ pé ó rò pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn tẹ́lẹ̀, látọjọ́ yẹn kò lè rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àdùnní, ọ̀rọ̀ pé owó oṣù ẹ ò dín yẹn ni mo fẹ́ kàn. Sheila White, ní Amẹ́ríkà náà, iléeṣẹ́ rélùwéè ló wà, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́rù ló ń wà. Nígbà tó fẹjọ́ ọ̀gá ẹ̀ sùn pé ó ń fi ọ̀rọ̀ pé obìnrin lòun yọ òun lẹ́nu, wọ́n gbé e kúrò lórí ọkọ̀, wọ́n ní kó lọ máa ṣiṣẹ́ alágbára lójú irin. Owó tó ń gbà ò yí padà. Lọ́dún 2006 kóòtù tó ga jù ní ìgbẹ̀san ni, pé kò dìgbà tí wọ́n bá lé èèyàn tàbí tí wọ́n dín owó ẹ̀ kù, ohunkóhun tó lè mú kí òṣìṣẹ́ tó lọ́pọlọ sọ pé "ká ní mo mọ̀ mi ò bá má fẹjọ́ sùn" ti wọ̀ ọ́. Òfin ibẹ̀ nìyẹn o, ti ibi tó o wà lè yàtọ̀, àmọ́ wo bí wọ́n ṣe rò ó, kó o sì wá wo mítìǹgì tí wọ́n yọ ẹ́ kúrò nínú ẹ̀ àti ìròyìn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ. Èyí tó máa jẹ́ kó lágbára ni déètì. Lọ́jọ́ báyìí mo ní mi ò fẹ́, lọ́jọ́ báyìí wọ́n yọ mí. Kọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, náà ṣe àdéhùn kan lọ́dún 2019, nọ́ńbà 190, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2021. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá lè tó, kò dìgbà tó bá di lemọ́lemọ́, ó sì ní ibi iṣẹ́ kì í ṣe inú ọ́fíìsì nìkan, mẹ́sééjì orí fóònù tó jẹ mọ́ iṣẹ́, ìrìn àjò iṣẹ́, àríyá iléeṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ẹni tó wá wáṣẹ́, ẹni tí wọ́n ti lé lọ, ó dáàbò bo gbogbo wọn. Kìkì pé orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i ló dè, torí náà wádìí bóyá tìẹ ti fọwọ́ sí i.

Ní tòótọ́, tó bá jẹ́ èmi ni mò ń gba ẹjọ́ ẹ rò, ọ̀rọ̀ oyún yẹn ni màá kọ́kọ́ dì mú. Ti ọwọ́ níbàdí yẹn, ẹ̀yin méjì lẹ wà ńbẹ̀, á ní irọ́ ni. Àmọ́ ti ìgbéga, ìpinnu iṣẹ́ ni, ó sì fẹnu ara ẹ̀ sọ ìdí tó fi ṣe é, ìdí yẹn sì jẹ́ pé o jẹ́ obìnrin. Látọdún 1958 ni ILO ti ní àdéhùn, nọ́ńbà 111, tó sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi jíjẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin, àwọ̀ ara, ẹ̀sìn tàbí ìran téèyàn ti wá du èèyàn ní àǹfààní lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ti fọwọ́ sí i. Ohun tó kù ni kí ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lẹ́nu kó dé orí ìwé. Fi íméèlì ránṣẹ́ sí i, jẹ́jẹ́, láìbínú, kó o ní: "Ẹ ṣeun fún àyè tẹ́ ẹ fún mi láti bá yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ báyìí nípa ipò tó ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ yín pé ẹ ò ní lè fi orúkọ mi sílẹ̀ torí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, pé mo lè lóyún láìpẹ́. Tó bá jẹ́ pé mi ò gbọ́ yín yé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún mi ṣe." Ó tán. Tó bá dákẹ́, ìdákẹ́ ẹ̀ á wà ńbẹ̀ pẹ̀lú déètì. Tó bá kọ ìdí míì, á di pé kó wá fi ẹ̀rí ti ìdí yẹn lẹ́yìn. Tó bá sì fi ìbínú fèsì, òun fúnra ẹ̀ ló ti fún ẹ ní ẹ̀rí yẹn.

Bọ̀dá_Etí_Kan

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí kì í ṣe obìnrin nìkan, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ara nìkan. Etí mi kan ò gbọ́rọ̀ mọ́ látìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa jókòó síbi tí mo ti lè rí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní mítìǹgì. Mánéjà mi ní àwọn ò lè torí adití máa to àga. Ó wá di ẹ̀fẹ̀, tí wọ́n bá pè mí tí mi ò gbọ́ wọ́n á máa fọwọ́ júwe, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọn ò fi iṣẹ́ tó kan oníbàárà sọ́wọ́ mi mọ́ pé mi ò ní gbọ́ wọn.

Ohun tó dùn mí jù kọ́ ni mánéjà yẹn, àwọn tó jókòó ńbẹ̀ tí wọ́n ń wo ilẹ̀ ni. Ìgbà tí nǹkan kọ́kọ́ yí ni ọjọ́ tí ọ̀dọ́bìnrin kan, òun ló kéré jù nínú wa, sọ wẹ́rẹ́ pé "ìyẹn ò pani lẹ́rìn-ín o," ó sì ń bá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ. Gbólóhùn kan péré. Inú yàrá yẹn pa lọ́lọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí tí kì í ṣe yín ni wọ́n ń ṣe é sí, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ bá ọ̀gá jà, irú gbólóhùn yẹn tó, tó bá sì burú jùyẹn lọ, ẹ lọ bá ẹni náà lẹ́yìn kẹ́ ẹ sọ fún un pé "mo rí i, mo gbọ́ ọ, tó o bá fẹ́ ẹlẹ́rìí màá kọ ọ́ sílẹ̀." Àdùnní, nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà tí kò dùn mọ́ nínú. Wá ẹni yẹn. Àmọ́ má fi dandan mú un, èèyàn méjì ni mo bá sọ ọ́, ọ̀kan kọ̀, mi ò dá a lẹ́bi, òun náà lọ́mọ tó ń bọ́.

HR ní kí èmi àti mánéjà jókòó papọ̀ kí wọ́n bá wa parí ẹ̀. Mo jókòó. Ọkùnrin yẹn tọrọ àforíjì níwájú wọn, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì ó tún burú ju ti tẹ́lẹ̀. Ìjà tó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́, ẹ lè bá wọn là á, àmọ́ ti ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nísàlẹ̀, ìlàjà yẹn ìtìjú ló jẹ́ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀, ó kàn tún ń jẹ́ kí ọ̀gá dójú sọ ẹ́ ni. Tí wọ́n bá fi lọ Àdùnní, kó ní rárá, ìwádìí lòun fẹ́. Nígbẹ̀yìn wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka míì, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kì í ṣe ìyà, pé ipò mi ò yí padà, wọ́n kọ ọ́. Ọ̀gá yẹn ṣì wà níbi tó wà.

Màmá_Ìbejì

Ẹnì kankan ò tíì sọ̀rọ̀ ọjọ́ o, èyí tó sì ń pa ẹjọ́ àwọn èèyàn jù nìyẹn! Òfin ní gbèdéke. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ mú ẹjọ́ irú èyí lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ọ, EEOC, ọjọ́ 180 ló ní, láwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ní irú òfin bẹ́ẹ̀ fúnra wọn ó máa ń jẹ́ 300. Ní Íńdíà, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2013 fún àwọn obìnrin níbi iṣẹ́ ní kéèyàn kọ̀wé ẹ̀sùn láàárín oṣù 3 sí ìgbà tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Lilly Ledbetter ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Súpáfáísọ̀ ni níléeṣẹ́ tó ń ṣe táyà, ó tó nǹkan bí ọdún 19 níbẹ̀, ó ń gba owó tó kéré sí ti àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kò sì mọ̀, ìwé kékeré kan tí kò lórúkọ lẹ́nì kan fi tà á lólobó. Ó pe ẹjọ́, ó dé kóòtù tó ga jù, lọ́dún 2007 àwọn adájọ́ 5 nínú 9 ní ó ti pẹ́ jù. Ìjọba ní láti ṣe òfin tuntun lọ́dún 2009, tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè, kí ọ̀rọ̀ owó oṣù má bàa máa rí bẹ́ẹ̀ mọ́, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ò rí kọ́bọ̀ gbà nínú ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé iléeṣẹ́ á ní "a ṣì ń wádìí", "ọ̀gá àgbà ò sí nílé", "jẹ́ ká parí ìṣirò ọdún ná", gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ ìyẹn ọjọ́ ń lọ, níbi púpọ̀ ìwádìí inú iléeṣẹ́ kì í dá aago òfin dúró. Lọ béèrè gbèdéke tìẹ lọ́wọ́ lọ́yà tàbí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kó o sì kọ ọ́ sára ògiri.

Àdùnní_T

Ẹ ṣeun gan-an, omi bọ́ lójú mi nígbà tí mò ń kà á. Bọ̀dá, ẹ kú ohun tójú yín rí o. Mo ti kó àwọn mẹ́sééjì yẹn jáde, mo sì ti kọ ọ́ tó ojú ìwé bíi mélòó kan, mi ò mọ̀ pé ó pọ̀ tó báyìí. Àǹtí kan tó ti kúrò ní ẹ̀ka wa, mo pè wọ́n lálẹ́ àná, wọ́n ní ó ṣe é fáwọn náà, ìdí táwọn fi kúrò nìyẹn, àmọ́ wọn ò fẹ́ kí n dárúkọ àwọn. Ọkọ mi wá yí ohùn padà, kò ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ mọ́, òun fúnra ẹ̀ ló fẹ́ lọ bá ọkùnrin yẹn lọ́fíìsì 🤦🏾‍♀️ Ẹ̀gbọ́n, báwo ni lẹ́tà HR yẹn ṣe yẹ kó rí? Torí èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, èébú ló kún inú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_HR

Láéláé, ọkọ ẹ ò gbọdọ̀ débẹ̀ o! Tó bá gbá ọkùnrin yẹn létí pẹ́nrẹ́n, ẹjọ́ ti kúrò lórí ohun tó ṣe sí ẹ, ó ti di ti ọkọ òṣìṣẹ́ tó wá jà níléeṣẹ́. Sọ fún un pé ohun tó lè ṣe tó máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni kó kọ ohun tó rí sílẹ̀, àwọn òru tí mẹ́sééjì wọlé tó o sì fi hàn án, bí oorun ṣe ń dá lójú ẹ. Ẹ̀rí nìyẹn náà. Tó o bá ti lọ rí dókítà nítorí ẹ̀, sọ ohun tó fà á fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì ẹ.

Àǹtí yẹn, má dárúkọ wọn láìgba àṣẹ. Àmọ́ o lè kọ ọ́ pé "mo gbà gbọ́ pé èmi nìkan kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí, mo rọ̀ yín kẹ́ ẹ bi àwọn tó ti kúrò ní ẹ̀ka yìí." HR tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ẹ̀ á pè wọ́n fúnra ẹ̀, ẹni tí HR sì pè máa ń sọ̀rọ̀ nígbà míì tí ò ní sọ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́tà yẹn, jẹ́ kó kúrú. Yọ gbogbo èébú, yọ "oníṣekúṣe", yọ "ẹni burúkú", ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an ti tó láti bà á jẹ́ fúnra ẹ̀. Ṣáájú ohun gbogbo, lọ wo ìwé òfin àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún ẹ lọ́jọ́ tó o wọlé, ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹ̀sùn, kó o lo ọ̀rọ̀ tí àwọn fúnra wọn lò. Kọ ọ́ pé ẹ̀sùn lò ń fi sùn, má kọ "mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀", torí "mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀" yẹn, àwa máa ń fi sínú fáìlì ni, kò sẹ́ni tó máa ṣe nǹkan kan sí i. Kó àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ náà síbẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, déètì, ibi, ẹlẹ́rìí. Fi àwọn mẹ́sééjì kún un, ẹ̀dà ni kó o fi o, jẹ́ kí ojúlówó wà lọ́wọ́ ẹ. Wá sọ ohun tó o fẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kì í sọ ọ́: kí wọ́n wádìí, kí ẹni tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá yẹn ṣe ìwádìí náà, kí o má máa gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ títí wọ́n á fi parí, kí wọ́n dá iṣẹ́ ẹ padà, kí ẹlòmíì gbé ọ̀rọ̀ ìgbéga yẹn yẹ̀ wò. Béèrè ọjọ́ tí wàá gbọ́ èsì. Íméèlì ni kó o fi ránṣẹ́, sí HR àti ẹni tó wà lókè ọ̀gá ẹ, kó o sì fi ẹ̀dà pa mọ́ síbi tìẹ. Tí wọ́n bá wá pè ẹ́ pé kó o wá ká sọ ọ́ lẹ́nu, lọ, àmọ́ tó o bá kúrò ńbẹ̀, kọ íméèlì míì: "gẹ́gẹ́ bá a ṣe jọ sọ ọ́ lónìí, ẹ ní ẹ máa ṣe báyìí báyìí."

Arìnrìn_Àjò22

Mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi o, kó máa wáṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_HR

Kó máa wá a, kò burú, kò sẹ́ni tó ní kó má wá a. Kìkì pé tó bá máa kúrò, kó fẹjọ́ sùn kó tó kọ̀wé, kó má sì kọ sínú ìwé yẹn pé "nítorí ọ̀rọ̀ ara mi ni mo ṣe ń lọ, mo dúpẹ́ fún àǹfààní tẹ́ ẹ fún mi." Mo ti rí lọ́yà iléeṣẹ́ tó fi irú gbólóhùn yẹn pa ẹjọ́ tó dáa. Kó kọ ìdí tó fi ń lọ gan-an, tàbí kó má kọ ìdí kankan.

Àdùnní_T

Ó yé mi. Íméèlì ti ìgbéga yẹn ni màá kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ lọ́la, tó bá di ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́tà HR á tẹ̀ lé e, bóyá ó fèsì tàbí kò fèsì. Mo ti bá ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa gbèdéke, ọ̀sán ọ̀la la máa ríra. @Amòfin_Tí_Ò_Gbowó, ṣé kí n fi "ẹ jọ̀ọ́" yẹn sílẹ̀ nínú ẹ̀? Ó ń bí mi nínú láti bẹ̀ ẹ́.

Amòfin_Tí_Ò_Gbowó

Fi sílẹ̀. Ẹni tó máa kà á lẹ́yìn ọ̀la lò ń kọ ọ́ fún, kì í ṣe òun. Kí orúkọ ipò náà àti ọjọ́ tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ pé pérépéré ńbẹ̀, kó o sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí íméèlì tìẹ kó o tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà.